Ọ̀jọ̀gbọ́n Busia àti Àwọn Yorùbá Kùmásì

Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ yunifásítì ni ó ti fi yàrá ìkọ́ni sílẹ̀ lọ sídìí ìṣèlú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ìpinnu rẹ̀ kan ilé Yorùbá tó ti Kofi Abrefa Busia. Ìlú Wenchi ni a bí i sí ní ọdún 1913, sínú ìdílé ọba. Kùmásì, olú-ìlú àwọn Àṣàǹtí, ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ní Wesley College. Ó kàwé dé Oxford. Ìwé rẹ̀ lórí ipò ọba láàárín àwọn Àṣàǹtí jáde ní 1951. Ọdún náà gan-an ni ìgbìmọ̀ àwọn ọba Àṣàǹtí rán an lọ sí ilé aṣòfin. Ní 1954 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó dé ipò bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì Gold Coast.

Ó bá Nkrumah fà á títí ó fi sá kúrò nílùú ní 1959. Lẹ́yìn tí àwọn ológun lé Nkrumah ní 1966, ó padà wálé, ó sì di olórí ìjọba ní 1969.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ó máa lọ. Kì í ṣe Busia ni ó dá òfin ìwé náà sílẹ̀. Láti 1963 ni ó ti wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Nàìjíríà àti Gold Coast, ta ni ó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ará Ọ̀fà tí ó pàtẹ ọjà ní Kùmásì? Ọ̀pọ̀ wọn ti bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ń sọ Twi bí onílé. Ọjà di títà ní ọ̀pọ̀, gbèsè di àwátì, ọkọ̀ ń gbé ènìyàn gba Tógò àti Dàhọ̀mì lọ sílé tí ọmọ mìíràn kò rí rí.

Ìjọba ní àìríṣẹ́ṣe ni ó fà á. Bóyá, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn olóko kòkó fi ń wá alágbàṣe tì. Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ sí àwọn ará Gáná ní 1983.

Ní oṣù kìíní 1972, nígbà tí Busia wà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìtọ́jú ara, àwọn ológun gba ìjọba rẹ̀. Oxford ni ó kú sí ní 1978. Àwọn Yorùbá kan padà sí Kùmásì, wọ́n sì tún pàtẹ.