Ajílẹ̀

«Jí» àti «ilẹ̀» ló bí ọ̀rọ̀ yìí: ohun tó ń jí ilẹ̀ tó ti ṣá. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi orúkọ náà fún èyí tí wọ́n ń tà nínú àpò lọ́jà nìkan. Ó dùn mí, nítorí ààtàn ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ ni ín.

Bí o bá fẹ́ kó òkìtì ajílẹ̀ tìrẹ jọ ní Okere, ní Warri, níbi tí òjò ọdún kan ti máa ń ju mílímítà 2,500 lọ, ìbòrí ni kí o kọ́kọ́ wá. Bí òjò bá ń dà lé òkìtì rẹ, á fọ ọ̀rá rẹ̀ dànù, afẹ́fẹ́ kò ní ráyè wọlé, á sì máa rùn. Tẹ́ èèpo ẹ̀gẹ́ àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó ewé gbígbẹ lé e, kí gbígbẹ pọ̀ ju tútù lọ. Máa yí i. Ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀: ó yẹ kó gbóná. Ìgbà tó bá tutù, tó dúdú, tí òórùn rẹ̀ dà bí ti inú igbó, tí o kò mọ èèpo yàtọ̀ sí ewé mọ́, ó ti di ajílẹ̀. Má ṣe lò ó nìkan nínú ìkòkò ọ̀gbìn o, ó máa ń dá omi dúró jù. Ìdá kan nínú mẹ́ta, pẹ̀lú erùpẹ̀ àti iyanrìn, tó fún ata.