Ẹ̀kọ́ Nípa Ìyípadà Èdè

Ẹ̀kọ́ nípa ìyípadà èdè ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tó ń wádìí bí ìró, ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ní ọdún 1786, ní Kolkata, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ William Jones sọ pé ìjọra Sanskrit, Gíríìkì àti Látìn kì í ṣe èèṣì, pé orísun kan náà ni wọ́n ti ṣàn wá.

Ìró kì í ṣàdédé yí padà. Ó ní ìlànà. Ibi tí ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti ń sọ pé ulé àti uṣu, ilé àti iṣu ni ti ará Ọ̀yọ́, nítorí pé u ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ti di i lẹ́nu wọn. Ẹ̀ka-èdè tí àwọn kan ń pè ní èdè ará oko ló pa ìró àtijọ́ yìí mọ́, ohun iyebíye sì ni.

Àwọn onímọ̀ ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí Yorùbá. Ní Freetown, onímọ̀ èdè S. W. Koelle gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí a gbà lóko ẹrú, títí kan ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-èdè Yorùbá. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1854. Ní 1978, ní Yunifásítì Ìbàdàn, onímọ̀ èdè Akínkúgbé fi ìró àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá wé ti èdè Ìṣẹ̀kírì àti Ígálà.