Láti Ọwọ́ Dé Wáyà: Ìtàn Ìṣíná Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Nínú gbogbo àbùkù tí ó máa ń bá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ti pẹ́ láyé, kò sí èyí tí ó ń da mẹkáníìkì láàmú tó ti ọkọ̀ tí ó dáhùn ní òwúrọ̀, tí ó kọ̀ jálẹ̀ ní ọ̀sán, tí ó sì tún dáhùn ní ìrọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Àbùkù tí ó dúró sójú kan rọrùn láti mú, ṣùgbọ́n èyí tí ń lọ tí ń bọ̀ ni ó ń mú kí onímọ́tò ra bátìrì tuntun, kí ó pààrọ̀ sítátà, kí ọkọ̀ náà sì tún dá a dúró sójú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ ní láti padà sínú ìtàn bí a ṣe ń ṣíná ọkọ̀, nítorí pé gbogbo ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dá láti dín wàhálà ọwọ́ kù ni ó tún gbé ibi tí àbùkù ń sá pamọ́ sí jìnnà sí ojú.

Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Karl Benz gba ìwé àṣẹ ìdásílẹ̀ lé lórí ní Jámánì ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 1886, kò ní sítátà kankan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kẹ̀kẹ́ irin wúwo tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gba iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, Bertha, aya Benz, kó àwọn ọmọkùnrin wọn méjì sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti Mannheim lọ sí Pforzheim, ìrìn tí ó lé ní kìlómítà 100, láìsọ fún baálé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìtàn ìrìn náà sọ pé nígbà tí ìdọ̀tí dí ojú ọ̀nà epo, abẹ́rẹ́ fìlà rẹ̀ ni ó fi gún un, àti pé nígbà tí ara wáyà iná bó, okùn tí ó fi ń di ìbọ̀sẹ̀ ni ó fi wé e. Ohun méjì tí obìnrin náà wò, ìyẹn ni pé bóyá epo ń dé ibi tí ó yẹ kí ó dé àti bóyá iná ń ta, ni mẹkáníìkì ṣì ń kọ́kọ́ wò lára ọkọ̀ tí ó ń lo bẹntiróòlù títí di òní. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ní ayé ti Bertha, ohun méjèèjì wà ní gbangba.

Lẹ́yìn èyí ni irin tí a tẹ̀ ní ibi méjì, tí a ń tì bọ iwájú ẹ́ńjìnnì kí a tó fi agbára yí i, di ohun tí ó wọ́pọ̀ lára ọkọ̀. Irin náà léwu gan-an, nítorí pé bí iná bá ta nínú sílíńdà ṣáájú àkókò, ẹ́ńjìnnì á yí padà sẹ́yìn, á sì lè ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ awakọ̀ pé kí ó kó àtàǹpàkò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ìka yòókù. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ti ṣí ní 1906 nígbà ìṣàkóso Walter Egerton, irin yìí bá àwọn ará ìlú gbé pẹ́, pàápàá lára bọ́ọ̀lẹ̀kájà, ìyẹn lọ́rì akẹ́rù-kérò tí àwọn káfíńtà ìbílẹ̀ fi pákó kan ara rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ ọkọ̀ ni láti yí i, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ó kọ́kọ́ ń mọ àìsàn ẹ́ńjìnnì: bí irin náà bá fúyẹ́ jù, afẹ́fẹ́ ń jò nínú sílíńdà; bí ó bá wúwo jù, ọ́ìlì ti gan tàbí nǹkan ti há.

Charles Kettering, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, Amẹ́ríkà, ni ó gba ọmọ aráyé lọ́wọ́ irin náà. Ṣáájú àkókò yìí, ó ti fi ẹ̀rọ kékeré tí iná mànàmáná ń yí sínú àpótí ìgbowó àwọn ilé ìtajà, ó sì ti rí i pé ẹ̀rọ tí yóò ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré lè gbé ẹrù tí ì bá jó o bí ó bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Òye yìí ni ó fi ṣe sítátà tí Cadillac gbé sínú ọkọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1912, nígbà tí Ford kò fi irú rẹ̀ sí ọkọ̀ Model T rẹ̀ títí di 1919.

Ìrọ̀rùn náà ní iye tirẹ̀. Dípò ọwọ́ kan àti irin kan, ìṣíná di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbára lé èkejì: bátìrì, wáyà, ìdí kọ́kọ́rọ́, sólẹ́nọ́ìdì àti sítátà fúnra rẹ̀. Sólẹ́nọ́ìdì jẹ́ wáyà bàbà tí a ká jọ, tí ó máa ń di òòfà nígbà tí iná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ń ti eyín sítátà wọnú eyín kẹ̀kẹ́ irin ẹ́ńjìnnì, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá láti inú bátìrì. Iṣẹ́ àtúnṣe pẹ̀lú pín: ní Nàìjíríà, mẹkáníìkì mú ti epo àti irin, réwáyà sì mú ti iná, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ àti ayẹyẹ fíríìdọ̀mù tirẹ̀. Àbùkù ìṣíná wá bọ́ sí agbedeméjì iṣẹ́ méjì, níbi tí mẹkáníìkì ti lè sọ pé ti réwáyà ni, kí réwáyà sì dá a padà fún mẹkáníìkì.

Ọkọ̀ tí ọ̀ràn yìí hàn jùlọ lára rẹ̀ ni Volkswagen Beetle, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ìjàpá, tí iléeṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní 1975. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, bátìrì sì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n iwájú awakọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Èyí ni pé iná tí yóò jí sólẹ́nọ́ìdì ní láti kúrò lẹ́yìn lọ síwájú, kí ó tó tún padà sẹ́yìn, tí ó sì ń gba ọ̀pọ̀ oríkèé wáyà kọjá. Títí di àárín 1966, fólítì 6 ni ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ń lò, kí ó tó di 12 fún àwọn tí wọ́n ń kó lọ sí Amẹ́ríkà. Fólítì ni ìwọ̀n ipá tí ń ti iná gba inú wáyà. Bí ó bá jẹ́ 6 dípò 12, iná tí yóò ṣàn kí iṣẹ́ kan náà tó ṣeé ṣe á di ìlọ́po méjì, tí ó fi jẹ́ pé oríkèé onípata tí ó ń jẹ fólítì 1 nínú 12 á jẹ 2 nínú 6, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta.

Bí ọkọ̀ bá ti rìn jìnnà, ooru ẹ́ńjìnnì ń dá kún ìṣòro náà, nítorí pé bí wáyà bàbà bá fi ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 50 gbóná sí i, ìdènà inú rẹ̀ sí iná á fi bí ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i. Sólẹ́nọ́ìdì tí ó ń rí iná díẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá kọ̀, ó di ìgbà tí ara rẹ̀ bá tutù kí ó tó tún gbọ́. Ìdí nìyí tí àbùkù náà fi ń lọ tí ó ń bọ̀, tí bátìrì tuntun kò sì fi wò ó sàn. Bí jíà ọkọ̀ bá wà ní níyútírà, tí réwáyà sì fi irin so orí wáyà bátìrì pọ̀ mọ́ ojú sólẹ́nọ́ìdì tààrà, tí ẹ́ńjìnnì sì dáhùn, ọ̀nà tí ó gba ìdí kọ́kọ́rọ́ ni àbùkù wà. Bí sólẹ́nọ́ìdì bá dún "kà" tí sítátà kò sì yí, ojú ìsopọ̀ inú rẹ̀ ti jó, tàbí wáyà tí ó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ara ọkọ̀ ti dípata, nítorí orí rọ́bà ni gíábọ́ọ̀sì jókòó lé, iná kò sì ní ọ̀nà mìíràn láti padà. Bí sítátà bá yí ṣùgbọ́n tí ó ń wọ́, ó yẹ kí a yẹ búùṣì wò, ìyẹn òrùka bàbà kékeré inú ara gíábọ́ọ̀sì tí orí ọ̀pá sítátà ń yí nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n sọ ọkọ̀ fólítì 6 di 12 sábà máa ń gbàgbé pé ìwọ̀n búùṣì náà yàtọ̀.

Ìwòsàn tí àwọn onímọ̀ fún àbùkù ọ̀nà ìdí kọ́kọ́rọ́ ni rílè, àpótí kékeré tí ó nílò iná díẹ̀ láti ìdí kọ́kọ́rọ́ kí ó tó fi iná púpọ̀ ránṣẹ́ láti bátìrì sí sólẹ́nọ́ìdì ní ọ̀nà kúkúrú. Ohun tí a ń fi kún Ìjàpá lẹ́yìn tí ó ti jáde nílé iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ń bá jáde láti ilé iṣẹ́ wá. Ẹni tí ó bá sì ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe kò ní láti mọ ju àwọn baba iṣẹ́ náà lọ. Ohun tí ó yẹ ni kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì, kí ó tọ ọ̀nà tí iná gbà láti oríkèé dé oríkèé, kí ó má sì ra ohunkóhun títí yóò fi rí ibi tí fólítì ti ń sọnù.