Ìfarabalẹ̀ Kì Í Ṣe Ìfọkànbalẹ̀: Àpẹẹrẹ láti Abidjan

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi wá léèrè pé kí ni ìfarabalẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ ni yóò dáhùn pé ìfọkànbalẹ̀ ni. Ìdáhùn yìí kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún ẹyẹ tí ó fò títí tí ó fi bà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ni ó balẹ̀ nínú ti èkíní, ọkàn ni nínú ti èkejì. A lè pàṣẹ fún ọmọdé pé, "Farabalẹ̀!" kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọkàn kì í gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń fi ọkàn ẹni balẹ̀.

Ìtàn àwọn Yorùbá tí ó wà ní Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Ànàgó ni àwọn onílé ń pè wọ́n. Láti ayé ìjọba Faransé ni àwọn ará Èjìgbò, Ìnísà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò níbẹ̀, ní Treichville àti Adjamé. Àìmọye ọmọ Èjìgbò ni a bí síbẹ̀, tí èdè Faransé sì já geere lẹ́nu wọn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ìfarabalẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹun: wọn kì í bá onílé du ọ̀rọ̀, wọn kì í sì bínú sí oníbàárà.

Ṣùgbọ́n ní oṣù October 1958, ojú wọn ni àwọn ọ̀dọ́ Abidjan ṣe dìde sí àwọn ará Dahomey àti Togo, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fi sá padà sílé. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n kó jáde. Nínú àwọn Yorùbá tí a lé, àwọn kan kò tilẹ̀ padà wálé. Abidjan ni wọ́n gbà lọ. (Èyí kò yà mí lẹ́nu: oníṣòwò ni wọ́n.) Ní 1990, Côte d'Ivoire náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ àlejò, kò sì mú un kúrò lọ́rùn àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí di 2007. Ìbọn dún ní 2002, ó tún dún ní 2010 sí 2011.

Àwọn àgbà ní ẹyẹ bà lé okùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ ẹyẹ. Òwe yìí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ bí mo bá ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ méjèèjì. N óò bi wọ́n pé: nínú ara àti ọkàn ẹyẹ náà, èwo ni ó balẹ̀?