Láńlọ́ọ̀dù tó ní ìwé lòun mọ̀

1/ Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ gbọ́ o. Láńlọ́ọ̀dù bu owó ilé kù fún yín nígbà tí nǹkan le. Nígbà tí nǹkan wá dẹ̀, ó ní ìwé tí ẹ jọ fọwọ́ sí lòun mọ̀, kí ẹ san gbogbo èyí tó kù. Ṣé ẹ máa san án? Irú ẹ̀ ti dé kóòtù rí, ní London.

2/ Lọ́dún 1937, ilé-iṣẹ́ Central London Property Trust fi ilé fúláàtì kan háyà fún ilé-iṣẹ́ High Trees House, ọdún 99. Iye inú ìwé: £2,500 lọ́dún.

3/ Ni ogun Hitler bá bẹ́ sílẹ̀. Fúláàtì ò rí ayálégbé tó máa gbà á. Ní January 1940, láńlọ́ọ̀dù kọ̀wé pé kí wọ́n máa san ìdajì, £1,250.

4/ Nígbà tó fi máa di 1945, ilé ti kún. Wàhálà dé! Wọ́n ní kí wọ́n padà sí £2,500, kí wọ́n sì san £7,916 tẹ̀yìn.

5/ Adájọ́ Denning ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní torí ogun ni wọ́n ṣe dín in. Ilé ti kún báyìí, kí wọ́n san owó pípé. Owó ìgbà ogun ńkọ́? Ó ní bí láńlọ́ọ̀dù bá bèèrè ẹ̀, kò ní rí i gbà. Ó ti ṣèlérí, ayálégbé sì ti gbọ́kàn lé e.

6/ Kóòtù Nàìjíríà náà máa ń lo ìlànà yìí. Àmọ́ ẹ má gbàgbé: láńlọ́ọ̀dù 1940 kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹyin lohùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ò sọ ọ́ ńkọ́? Lọ́jọ́ tó bá dín in kù, ẹ ní kó kọ iye rẹ̀ àti ìgbà tó máa parí. Kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp.