Ilé Tó Bá Ojú Ọjọ́ Mu: Bí Ìkọ́lé Ṣe Yí Padà Nílẹ̀ Yorùbá

Ìtàn ìkọ́lé nílẹ̀ Yorùbá ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. A ti fi amọ̀ mọlé, a ti fi bíríkì kọ́ ọ, a sì ti dé orí sìmẹ́ńtì àti gíláàsì. Ìbéèrè kan náà ni oòrùn àti òjò ń bi gbogbo wọn: èwo ló máa tutù láìsí ẹ̀rọ, èwo ló máa pẹ́, èwo ni ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ lágbára láti tún ṣe? Àwọn baba ńlá wa dáhùn rẹ̀ dáadáa. Àwa ni a gbàgbé ìdáhùn náà fúngbà díẹ̀.

Amọ̀, koríko àti àgbàlá

Agbo ilé ni ìpìlẹ̀. Yàrá tò yí àgbàlá ká, ilẹ̀kùn wọn sì kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òrùlé bò. Wọ́n á po ẹrẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ gún un títí yóò fi kúnná, wọ́n á mọ ọ́n ní ipele kan, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ògiri náà nípọn. Kí ooru ọ̀sán tó là á já, ilẹ̀ ti ṣú, ìta sì ti tutù. Òrùlé koríko yọ sóde kọjá ògiri kí òjò má baà fọ ọ́. Inú àgbàlá ni omi òjò ń dà sí. Wọ́n á fi ìkòkò ńlá gba èyí tí wọ́n máa lò, ojú àgbàrá á sì gbé ìyókù jáde.

Ní Ilé-Ifẹ̀ àtijọ́, ìkòkò tó fọ́ pàápàá kì í ṣòfò. Wọ́n ń to àpáàdì lóòró, ẹ̀gbẹ́ kan ti èkejì, wọ́n sì ń to òkúta funfun wẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn, láti fi tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Ọọ̀ni Lúwoo, obìnrin tó jọba, ló pàṣẹ rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, apá kan rẹ̀ sì wà nílẹ̀ títí dòní.

Koríko ò ní irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀, Ọ̀yọ́ sì mọ̀. Nígbà ọdún Bẹẹrẹ, àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin a máa kó koríko bẹẹrẹ wá láti fi bo ààfin. Wọ́n ti fi àtúnṣe ilé sínú ètò ìlú, wọn ò dúró dìgbà tí òrùlé bá jò.

Àgùdà àti páànù

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tó bọ́ lóko ẹrú ní Brazil ń padà sí Èkó àti Àjàṣẹ́. Wọ́n kó iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ní àjà gíga àti fèrèsé onípákó tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí João Baptista da Costa darí kíkọ́ rẹ̀, ṣí ní 1894, ó ṣì wà ní Èkó. Páànù náà ń tàn kálẹ̀. Kì í gbiná bíi koríko, kò sì béèrè àtúnṣe lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n gbogbo ooru tó bá gbà ló ń rọ̀ sórí onílé.

Yunifásítì méjì

Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ya àwòrán ilé rẹ̀. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oníhò dí ojú ògiri kí atẹ́gùn lè kọjá kí oòrùn má sì ráyè. Arieh Sharon, ayàwòrán ilé láti Ísírẹ́lì, ló ṣe ti Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ilé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọmọnìyàn níbẹ̀ ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń ga sí i, tí àjà òkè fi ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀.

Ìgbà sìmẹ́ńtì

Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Nígbà tí owó epo wọlé, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ sìmẹ́ńtì tó pọ̀ débi pé ní 1975, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun tò sẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó, wọn ò rí ibi já ẹrù. Láti ìgbà náà ni ilé amọ̀ ti di ilé òtòṣì lójú aráyé. Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́fà, páànù tí kò yọ sóde, gíláàsì tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn: tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, èèyàn ò lè jókòó síbẹ̀. Onílé á ra ẹ̀rọ amúlétutù. Iná á lọ. Á ra jẹnẹrétọ̀. Á tún máa ra epo. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láti ṣe sìmẹ́ńtì, wọ́n ń yan òkúta nínú iná tó gbóná tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú síta, ọ̀dọ̀ sìmẹ́ńtì ló ti ń wá.

Ìrònú tuntun

Demas Nwoko, ayàwòrán ilé tó jẹ́ ọmọ Idumuje-Ugboko, kò tẹ̀ lé èrò. Ní Ìbàdàn, níbi tó ti kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican ní àwọn ọdún 1970, ó fi hàn pé èèyàn lè po yẹ̀pẹ̀ pupa pọ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ kó fi ṣe búlọ́ọ̀kù tó lágbára. Ó tún dá àgbàlá tó ń gba òjò padà sínú ilé. Ní 2023, àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ìlú Venice fi Kìnnìún Wúrà dá a lọ́lá fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ìjọba pẹ̀lú ti gbé òfin ìkọ́lé jáde ní 2006, ó sì gbé ìlànà ṣíṣọ́ agbára iná lò nínú ilé jáde ní 2017.

Kì í ṣe pé kí gbogbo wa padà sínú ilé amọ̀. Omi ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri amọ̀, ìlú ńlá sì nílò àjà púpọ̀. Ọgbọ́n ló yẹ ká mú. Kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ wo ibi tí oòrùn ń wọ̀, kí ẹ má kọjú fèrèsé ńlá sí i. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ibi wọlé, kó rí ibi jáde. Ẹ jẹ́ kí òrùlé bo ògiri, kí omi òjò ní ibi tó máa lọ. Owó táṣẹ́rẹ́ ni gbogbo èyí ń gbà nígbà tí ilé ṣì wà lórí ìwé; tí a bá kọ́ ọ tán láìrò ó, gbogbo ọjọ́ ayé ilé náà la ó fi máa san án.