Ilé Ìwádìí Ìṣàn Omi ti Vicksburg

Títí di ọdún 1927, ohun kan ṣoṣo ni Ẹ̀ka Ẹnjiníà ti iléeṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbára lé láti kápá odò Mississippi, ìyẹn ni odi erùpẹ̀ gíga tí wọ́n ń mọ sí etí odò lọ́tùn-ún lósì kí omi má baà ya wọ inú oko àti ìlú. Ìwé ńlá tí Andrew Humphreys àti Henry Abbot gbé jáde ní 1861 ló fọwọ́ sí odi yìí, àmọ́ ìwé náà kò gbà pé omi tí odi há mọ́ yóò máa gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò fúnra rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn, pàápàá Ìgbìmọ̀ Odò Mississippi tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1879, ló so èrò méjèèjì pọ̀, tí wọ́n sì sọ ọ́ di òfin tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta kò.

Ní Yúróòpù, ọ̀nà mìíràn ti là. Ní 1875, Louis Fargue ṣe àwòṣe odò Garonne ní ìlú Bordeaux. Àwòṣe ni odò kékeré tí ènìyàn mọ jọ odò ńlá, kí ó lè dán wò lórí kékeré ohun tí kò ṣeé dán wò lórí ńlá. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Osborne Reynolds ṣe irú rẹ̀ fún ẹnu odò Mersey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì di 1898, Hubert Engels ti ní ilé ìwádìí tó dúró fún iṣẹ́ yìí nìkan ní Dresden. John R. Freeman, ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà, lọ wo irú àwọn ilé ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní 1913, ó sì padà wálé pẹ̀lú ìpinnu pé ìjọba Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ́ ọ̀kan. Sẹ́nétọ̀ Joseph Ransdell ti ìpínlẹ̀ Louisiana gbé àbá òfin náà wá sí ilé ìgbìmọ̀ ní 1922, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ẹnjiníà ológun kọ̀ jálẹ̀: lójú tiwọn, odò fúnra rẹ̀ ni ilé ìwádìí, kò sì sí ohun tí inú ọpọ́n lè kọ́ni nípa Mississippi.

Odò ló dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1927, odi já ní Mounds Landing ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Kí omíyalé ọdún náà tó fà, ó ti bo ilẹ̀ tó nǹkan bí 27,000 máìlì níbùú-lóròó, ó sì ti lé àwọn ènìyàn tó ju 600,000 kúrò nílé. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn ní agbègbè Greenville, níbi tí wọ́n ti fi ìbọn ṣọ́ ọ̀pọ̀ wọn lórí odi, tí wọ́n sì fi wọ́n ṣiṣẹ́ tipátipá. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń ka ìtàn ìmọ̀ yìí rántí ọrùn ẹni tí àṣìṣe ìmọ̀ náà wó lé.

Ní 1929, Ọ̀gágun Edgar Jadwin, tí òun náà ti wà lára àwọn tó ń tako Freeman, pàṣẹ pé kí àwọn ológun kọ́ ilé ìwádìí tiwọn. Ó ṣòro láti má rí i pé ìbẹ̀rù wà nínú àṣẹ yìí, torí àbá Ransdell ti fẹ́ di òfin, ó sì di òfin ní oṣù karùn-ún 1930, èyí tó fi ilé ìwádìí ìṣàn omi ti gbogbo orílẹ̀-èdè sábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó òṣùwọ̀n. Bí àwọn ológun kò bá ní tiwọn, àwọn ará ìta ni yóò máa ṣe ìdájọ́ iṣẹ́ wọn. Herbert Vogel, ọ̀gá ológun ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Berlin, ni wọ́n fi ṣe olórí àkọ́kọ́ fún ilé ìwádìí àwọn ológun ní ìlú Vicksburg, ìpínlẹ̀ Mississippi, ní 1930. Láàárín ọdún díẹ̀, àwòṣe ti ń ran àwọn tó ń gé kọ́rọ̀ odò lọ́wọ́. Kọ́rọ̀ ni ibi tí odò ti ń yí po, nígbà tí wọ́n sì gé ọ̀pọ̀ rẹ̀ kí omi lè gba ọ̀nà tààrà, Mississippi fi ohun tó lé ní 100 máìlì kúrú sí i.

Iṣẹ́ tó fi agbára àti ààlà ìmọ̀ yìí hàn jù ni àwòṣe gbogbo agbádá odò Mississippi, ìyẹn gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ inú odò náà, tí Ọ̀gágun Eugene Reybold dá lábàá rẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní 1943 nítòsí ìlú Clinton ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Àwọn ọmọ ogun Jámánì tí wọ́n kó lẹ́rú lójú ogun ló ro ilẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ náà sì tó nǹkan bí 200 éékà. Ní gígùn àti ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà kan dúró fún 2,000. Ní jíjìn, ẹsẹ̀ bàtà kan dúró fún 100. Ìdí tí ìwọ̀n méjèèjì kò fi dọ́gba rọrùn láti rí: odò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 50, bí a bá pín in sí 2,000, kò ní kù ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ínṣì kan lọ, omi tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kàn lẹ̀ mọ́ kọnkéré ni, kò ní ṣàn bí odò. Àmọ́ bí jíjìn bá ti ju bó ṣe yẹ lọ, omi á máa yára jù, nítorí náà wọ́n ní láti mú un falẹ̀. Wọ́n ha ojú kọnkéré, wọ́n to búlọ́ọ̀kù kéékèèké sí ibi tí odò ti ń gbún, wọ́n sì ká àwọ̀n onírin sí ibi tó yẹ kí igbó wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ìkún omi kan tí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ sínú àwòṣe, tí wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù kún un, tí wọ́n ń yọ àwọ̀n kúrò, títí omi fi dé ibi tó dé gan-an lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí àwòṣe bá tún ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣe láìṣì ni wọ́n tó máa ń béèrè ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun ìwádìí àti ohun ìṣeré kò ju èyí lọ.

Ìṣẹ́jú 5.4 ló dúró fún ọjọ́ kan níbẹ̀, ìyẹn ni pé ọdún kan gbáko kò gba ju wákàtí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ. Ní oṣù kẹrin 1952, nígbà tí odò Missouri, tó wà nínú agbádá náà, kún, àwòṣe yìí ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láti sọ ibi tí omi yóò ga dé fún ìlú Omaha àti Council Bluffs, wọ́n sì mọ ibi tó yẹ kí odi ti ga sí i kí omi tó dé. Kíkọ́ gbogbo àwòṣe náà kò parí tán títí di 1966, ìgbà yẹn sì ni kọ̀ǹpútà ti ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, torí owó tí ń tún kọnkéré ṣe kò kéré. Ó ṣiṣẹ́ nígbà ìkún omi 1973, lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á tì, wọ́n sì fi ilẹ̀ rẹ̀ lé ìlú Jackson lọ́wọ́ ní 1993.

Kọ̀ǹpútà kò tíì lé àwòṣe kúrò pátápátá. Ìṣirò rọrùn fún omi tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lójú odò tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n ibi tí omi ti ń já lulẹ̀ láti orí ìsédò, tó ń ru, tó ń gbé afẹ́fẹ́ mì, ṣì ń dá oníṣirò láàmú, ìdí nìyí tí wọ́n ṣì fi ń mọ àwòṣe irú ibẹ̀ ní Vicksburg, tí wọ́n sì ń fi ohun tí wọ́n bá wọ̀n lára rẹ̀ yẹ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò.